Wòlíì Kì í Polówó: Èdè tí Kóòṣì Onígbàgbọ́ fi ń Wá Oníbàárà ní Abidjan

Iṣẹ́ kan ti gbòde ní Abidjan ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí tí àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọjà wá sí Treichville kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ènìyàn bá wọkọ̀ láti Adjamé lọ sí Yopougon, yóò rí àkọlé rẹ̀ lára ògiri. Bí ó bá ṣí Facebook tàbí WhatsApp lórí fóònù rẹ̀, yóò tún bá a níbẹ̀: àwòrán ọkùnrin tí ó wọ kóòtù tàbí obìnrin tí ó we gèlè, ọ̀rọ̀ náà "coach" níwájú orúkọ, ẹsẹ Bíbélì kan lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà tẹlifóònù ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀kan ń tọ́ àwọn tọkọtaya sọ́nà, èkejì ń kọ́ àwọn oníṣòwò bí owó kékeré ṣe ń di ńlá, ẹ̀kẹta ń ran ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, wọn kò sì fi í pamọ́.

Èmi kò bá iṣẹ́ náà jà. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń fi ìbéèrè la ẹlòmíràn lójú, tí ó sì gbowó lé e, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń bá jà ni èdè tí púpọ̀ nínú wọn fi ń wá oníbàárà. Mo ní èdè náà kò bá ìgbàgbọ́ tí wọ́n ń jẹ́wọ́ mu, kò sì bá òwò mu pẹ̀lú, nítorí pé ó gba lọ́wọ́ olùgbọ́ ohun tí ìgbàgbọ́ àti òwò jọ fún un, èyí ni ẹ̀tọ́ láti sọ pé "rárá". Àwa olùkọ́ èdè sì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ iṣẹ́ náà wò. Ìlú kékeré kan wà ní ilẹ̀ Hungary tí ń jẹ́ Kocs, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tí ó dára ní sẹ́ńtúrì karùn-ún-dínlógún. Láti ara orúkọ ìlú yìí ni orúkọ ọkọ̀ náà ti wá. Àwọn Faransé yá a, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà yá a. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọdún 1830, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ọkọ̀ náà pe olùkọ́ tí ń bá wọn múra ìdánwò, bí ẹni pé ó ń gbé wọn kọjá odò. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dé pápá ìṣeré, níbi tí àwa Yorùbá ti sọ ọ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí ó tó wọ ọ́fíìsì àti yàrá àdúrà. Thomas Leonard, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ti ń dá àwọn ènìyàn lámọ̀ràn nípa owó tẹ́lẹ̀, ni ó dá ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn kóòṣì sílẹ̀ ní ọdún 1995. Kò pẹ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ní Amẹ́ríkà fi dá tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1998, nígbà tí ó sì di ọdún 2001 Gary Collins, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ ìwé tí ó sọ iṣẹ́ kóòṣì onígbàgbọ́ di ohun tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé kóòṣì onígbàgbọ́ ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti kúrò níbi tí ó wà lọ síbi tí Ọlọ́run fẹ́ kí ó wà. Ọkọ̀ Kocs náà ni, àfi pé wọ́n ti yí orúkọ ibi tí ó ń lọ padà. Ìbéèrè tí ó kù ni pé ta ni ó mọ ibẹ̀: ẹni tí ó wọkọ̀ ni, àbí ẹni tí ń wà á?

Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ kóòṣì tí mo mọ̀ ni ó dáhùn pé ẹni tí ó wọkọ̀ ni ó mọ ibi tí òun ń lọ. Láti ìgbà tí Timothy Gallwey ti kọ ìwé rẹ̀ lórí eré tẹ́níìsì ní ọdún 1974, tí John Whitmore sì mú ìlànà náà wọ ilé iṣẹ́ ní ọdún 1992, òfin pàtàkì iṣẹ́ yìí ni pé kóòṣì a máa béèrè, kì í pàṣẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò ní kí a kọ́kọ́ wá orúkọ Yorùbá fún un. Wọ́n ti dábàá olùtọ́nisọ́nà, wọ́n sì ti dábàá olùdámọ̀ràn. Èmi kò yára sí èyí ẹ̀kejì, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá lò nínú ìwé Àìsáyà orí 9 fún Ọmọ tí a ó bí, orúkọ náà sì wúwo jù fún ẹni tí ń gba owó orí fóònù. Yíyá ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Wòlíì, àlùfáà, ìwàásù àti àdúrà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí Kristẹni Yorùbá kò lè ṣe ìsìn láìlò wọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni a ti gbà wọ́n, a sì lè tọ wọ́n padà dé inú èdè Lárúbáwá. N óò máa pè é ní kóòṣì. Ibi tí ìjà wà kọ́ nìyẹn.

Ìjà wà níbi pé Yorùbá ní oríṣi ìpè tí ó yàtọ̀ síra, wọ́n sì ti lú wọn pọ̀. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn ti kọ́ wa pé ìpolówó ọjà jẹ́ ẹ̀yà kan fúnra rẹ̀, tí ó ní orin rẹ̀, àwítúnwí rẹ̀ àti àsọdùn rẹ̀. Ẹlẹ́kọ a máa ké pé ẹ̀kọ òun rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí eyín kò níṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pe ẹlẹ́kọ ní òpùrọ́. Olùgbọ́ mọ̀ pé ìpolówó ni, ó sì mọ ipa tirẹ̀ nínú eré náà: yóò pe ẹlẹ́kọ dúró, yóò fọwọ́ tẹ ẹ̀kọ wò, yóò ní ó ti wọ́n jù, yóò ná an, ó sì lè má rà á. Àsọdùn inú ìpolówó kò léwu nítorí pé ìnájà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èdè kan náà tí ó fún ọlọ́jà láyè láti sọ àsọdùn ni ó fún oníbàárà láyè láti ṣiyèméjì.

Àsọtẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. J. L. Austin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1962 lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé kì í ṣe ìròyìn nìkan ni ọ̀rọ̀ ń ṣe, pé ọ̀rọ̀ mìíràn jẹ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Yorùbá kò nílò Austin láti mọ èyí. A ti ní èpè, a ti ní ìwúre, a ti ní ọfọ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún onígbàgbọ́ pé "Ọlọ́run rán mi sí ọ" kò ròyìn nǹkan kan fún un. Ó gbé e dúró níwájú Ọlọ́run ni. A kì í ná àsọtẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́, Ẹni tí ó rán an ni ó kọ̀. Nígbà náà, bí kóòṣì bá kọ ọ́ sórí ìwé ìpolówó rẹ̀ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ti fi hàn òun pé ẹni tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá kí ó tó forúkọ sílẹ̀, ó ti mú agbára àsọtẹ́lẹ̀, ó sì ti fi í ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́kọ, àfi pé ó gba ìnájà kúrò níbẹ̀. Ó ti rú òfin iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó yẹ kí ó béèrè ti pàṣẹ kí oníbàárà tó jókòó.

Èdè Faransé tí a ń sọ ní Abidjan bá wọn ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan náà, "appel", ni ìpè tí Ọlọ́run pe ènìyàn sí iṣẹ́ rẹ̀, òun náà sì ni ìpè orí fóònù. Kóòṣì a ní òun ti gba "appel", ìlà méjì sí i a ní kí o wá gba "appel" ọ̀fẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà fún gbogbo ènìyàn. Ìpè kìíní ń ya ìpè kejì sí mímọ́. Ní Yorùbá, ó yẹ kí ó rọrùn fún wa láti yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ẹni tí a pè yàtọ̀ sí ẹni tí ń polówó, gírámà pàápàá ti yà wọ́n: ọ̀kan ni a ṣe ìṣe náà sí, èkejì ni ó ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tí ó burú jù lọ nínú gbogbo wọn ni irúgbìn. Owó ọjà wà, owó iṣẹ́ wà, ọrẹ wà, ìdámẹ́wàá wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àdéhùn tirẹ̀. Ẹni tí ó san owó iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè iṣẹ́. Bí iṣẹ́ kò bá dára, yóò pariwo, àwọn ará àdúgbò yóò sì bá a pariwo. Ẹni tí ó fúnrúgbìn ńkọ́? Òjò ni ó ń dúró dè. Bí irúgbìn kò bá hù, ilẹ̀ tirẹ̀ ni wọn yóò ní ó le, ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ni wọn yóò ní ó kéré. Fífi orúkọ irúgbìn pe owó iṣẹ́ ni ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ láti gbowó láìjẹ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Obìnrin kan tí ń ta àǹkárá ní Adjamé, ọmọ Ẹ̀jìgbò, tí ọmọ rẹ̀ ń ka ìwé ní ẹ̀ka wa, wá bá mi ní ọjọ́ kan kí n bá òun ka ìwé kan. Ìwé tí kóòṣì kan fi ránṣẹ́ sí i ni. Ó ti san owó náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti inú ojú owó òwò rẹ̀, fún ìpàdé mẹ́jọ. Méjì péré ni ó rí, lórí fóònù, ní èdè Faransé tí kò dá a lójú. Nínú ìwé náà, wọn kò lo ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí owó iṣẹ́ níbi kankan. "Semence" ni wọ́n kọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo bi í léèrè bí ó bá ti ní kí wọ́n dá ìyókù padà. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Bàbá. Ṣé ọwọ́ Ọlọ́run ni kí n ti lọ gba owó mi padà ni?" Kò sí ẹ̀kọ́ lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí tí ó ṣe kedere tó ìyẹn.

Ẹ̀rí náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. "Témoignage" ni Faransé ń pe ẹ̀rí inú ìjọ, òun náà ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ ìyìn tí oníbàárà kọ fún ọlọ́jà. Ẹlẹ́rìí ni ó ni ẹ̀rí lọ́dọ̀ Yorùbá, ní ilé ẹjọ́ àti ní ìjọ. Ẹni tí ó bá pàṣẹ pé kí a jẹ́rìí òun, tí ó sì dín owó kù fún ẹni tí ó bá jẹ́ ẹ, ó ti ra ẹlẹ́rìí.

Ilẹ̀ tí a wà yìí sì ní ìtàn tí ó yẹ kí ó tì wá lójú. Ní ọdún 1913, William Wade Harris, ọmọ Grebo láti Làìbéríà, fi ẹsẹ̀ rìn wọ Côte d'Ivoire nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú àgbélébùú ọ̀pá, Bíbélì àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, ó ti ri àwọn ènìyàn tí ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún bọmi ní etí òkun, kí ìjọba Faransé tó lé e padà sí Làìbéríà ní ìparí ọdún 1914 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1915. Harris kò fi ìrìbọmi ṣòwò. Àwọn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gbowó wà, àwọn wòlíì kéékèèké tí wọ́n ń tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ láti abúlé dé abúlé, wọ́n sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ìjọba máa fura sí òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí William Platt, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, dé ní ọdún 1924, ó bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ tí ń dúró de olùkọ́, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wòlíì náà ti lọ. Ẹni tí ó ní ogunlọ́gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, tí kò sọ wọ́n di oníbàárà, òun ni mo fi ń wọn àwọn tí wọ́n ní Ọlọ́run rán àwọn sí WhatsApp.

Àwọn Yorùbá tí àwọn ará ìlú yìí ń pè ní Anango náà ní ìtàn tiwọn. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká ni wọ́n gbé ìsìn Onítẹ̀bọmi wá sí Abidjan, kí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà tó dé ní àwọn ọdún 1960. Ní ọjọ́ mẹ́fà wọ́n ń polówó, ní ọjọ́ keje wọ́n ń kọrin ìsìn. Wọ́n mọ ọjà, wọ́n sì le lójú owó; kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ wọ́n di ańgẹ́lì fún mi. Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ó ń ta aṣọ láwìn, tí ó sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi gba owó rẹ̀, ọmọ ìyá wọn ni. Ṣùgbọ́n Òṣómàáló kò lóṣòó ní orúkọ Jésù. Gbèsè aṣọ ni ó ń sìn, ajigbèsè sì mọ iye tí ó jẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò gba ọ̀rọ̀ mi yìí, wọn yóò sì nà án kọjá ibi tí mo fẹ́ kí ó dé. Wọn yóò ní kí kóòṣì onígbàgbọ́ má gba kọ́bọ̀ rárá, nítorí ọ̀fẹ́ ni a gbà á, ọ̀fẹ́ ni kí a fi fúnni. N kò sí nínú wọn. Pọ́ọ̀lù pàgọ́ tà ní Kọ́ríńtì pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà, gẹ́gẹ́ bí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 18 ti sọ. Ohun tí ó yẹ kí a rí níbẹ̀ ni pé àgọ́ ni ó tà. Ó gba owó àgọ́ lórí àgọ́, ó sì wàásù láìgba owó ìwàásù, bí ó tilẹ̀ jà dé ojú ikú pé oníwàásù ní ẹ̀tọ́ láti jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá kọ́ bí a ti ń béèrè ìbéèrè, tí ó lo wákàtí rẹ̀, tí ó san owó ilé, ti pàgọ́. Kí ó tà á.

Ẹni tí ó yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà wọ́n ni Géhásì. Bí a bá ka ìtàn rẹ̀ nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 5 bí onímọ̀ èdè, a óò rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ inú gbólóhùn kan ni. Èlíṣà ti wo Náámánì sàn, ó sì ti kọ ẹ̀bùn rẹ̀. Géhásì sáré tẹ̀ lé e, ó ní ọ̀gá òun ni ó rán òun. Náámánì kò ná an. Ó tilẹ̀ rọ̀ ọ́ kí ó gba ìlọ́po méjì. Báwo ni yóò ṣe ná an? Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, "rán", ti ti ilẹ̀kùn ìnájà. Bí Géhásì bá ti sọ pé "èmi, ọmọ ọ̀dọ̀, mo rìn jìnnà, ẹ fún mi ní nǹkan", Náámánì ìbá ti rẹ́rìn-ín, ó sì ṣeé ṣe kí ó fún un. Orúkọ ẹlòmíràn tí ó fi wá oníbàárà ni ẹ̀tẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun mìíràn tún wà tí kì í jẹ́ kí n sùn. Kí ènìyàn tó bá kóòṣì sọ̀rọ̀ rárá, wọ́n a fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí i: Kí ni ó ń dùn ọ́ jù lọ? Ṣé ọkọ rẹ ń lù ọ́? Èló ni gbèsè rẹ? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni o kò tíì jẹ́wọ́? Oníbàárà kò tíì sí, àṣírí ti wọ ọwọ́ ọlọ́jà. William Bascom, tí ó kọ ìwé ńlá lórí Ifá ní ọdún 1969, ròyìn ohun tí ẹni tí ó bá dàgbà láàárín wa ti rí rí: ẹni tí ó lọ dáfá kì í sọ ohun tí ó ń dùn ún fún babaláwo, owó tí ó mú dání ni ó ń sọ ọ́ sí, ní ohùn jẹ́jẹ́. Kristẹni ni mí, n kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ dáfá. Ṣùgbọ́n mo ní àwọn tí a ń pè ní abọ̀rìṣà mọ ìwọ̀n tí ó yẹ kí ẹni tí ń gbowó mọ̀ nípa ẹni tí ń sanwó, nígbà tí àwọn tí ń fi ẹsẹ Bíbélì sorí ìwé ìpolówó kò mọ̀ ọ́n. Òfin orílẹ̀-èdè yìí pẹ̀lú kò dákẹ́: òfin nọ́ńbà 2013-450 ti oṣù kẹfà ọdún 2013 dáàbò bo ọ̀rọ̀ àdáni ènìyàn, ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn àti ìlera rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó dáàbò bò. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn kóòṣì tí wọ́n bá wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi. Wọ́n a ní nítorí àdúrà ni àwọn fi ń béèrè.

Báwo wá ni yóò ṣe rí oníbàárà? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti yẹ̀yẹ́, nítorí owó ilé ní Cocody kò mọ̀ pé onígbàgbọ́ ni ènìyàn. Mo ní kí ó wò bí télọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira ti ń ṣe é. Yóò rán tirẹ̀ wọ̀. Yóò rán fún ẹni mẹ́ta ní owó pọ́ọ́kú, yóò sì jẹ́ kí aṣọ náà jáde lọ sí òde ayẹyẹ láìsí òun níbẹ̀. Kí kóòṣì lọ sí ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ ní Adjamé, sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, sí ìdí àjọ tí àwọn obìnrin ń dá ní Koumassi, kí ó kọ́ wọn ní ohun kan tí ó wúlò lójú gbogbo ènìyàn, kí ó má sì gba orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ó dá iye owó rẹ̀ kí oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe lẹ́yìn ẹkún. Kí ó sọ ohun tí òun kò lè ṣe: òun kì í ṣe dókítà, òun kì í ṣe agbẹjọ́rò. Bí ó bá jẹ́ pásítọ̀, kí ó má gbowó kóòṣì lọ́wọ́ ọmọ ìjọ tí ó ti ń san ìdámẹ́wàá, nítorí ẹni náà kò ní mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá sì jẹ́ pásítọ̀, kí ó má bá pásítọ̀ pín owó orí àwọn tí wọ́n ti orí pẹpẹ darí sí i. Ó lọ́ra, mo gbà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ta aṣọ láwìn ní Treichville kò rí èrè ní oṣù kìíní.

Èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé ariwo ọjà ti pọ̀ jù, pé ẹni tí kò bá lo orúkọ Ọlọ́run, ẹni tí ń lò ó yóò gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òun ti jẹ́wọ́ pé orúkọ Ọlọ́run ni ọjà tí òun ń tà, iṣẹ́ kóòṣì kàn jẹ́ ewé tí òun fi pọ́n ọn ni.

Mo ní ẹ̀sùn kan tí ó kan wa tààrà. Mo ti ka ìwé ìpolówó méjì tí ẹnìkan ṣoṣo kọ, ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Yorùbá fún àwọn ìyá Anango. Nínú ti Faransé, "j'accompagne" ni ó kọ, ó ka iye ìpàdé, ó kọ iye owó sí ìsàlẹ̀. Nínú ti Yorùbá, iye ìpàdé ti pòórá, iye owó ti pòórá. Olúwa ni ó ń sọ̀rọ̀ láti ìlà kìíní, ọ̀tá ilé bàbá wà níbẹ̀, àjàgà wà níbẹ̀, ọjọ́ méje wà níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ kàwé dáadáa. Ó kàn gbà pé Faransé ni èdè àdéhùn, Yorùbá sì ni èdè ìdẹ́rùbani. Ta ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọfọ̀, ẹsẹ Ifá àti oríkì, tí ó dára tí a kọ́ wọn, ìgbà mélòó ni a kọ́ wọn bí a ti ń kọ ìwé àdéhùn, rìsíìtì tàbí ìkéde iṣẹ́ ní Yorùbá tí ó mọ́?

Ọ̀kan nínú àwọn kóòṣì tí wọ́n ń wá sọ́dọ̀ mi ní kí n kọ àpẹẹrẹ fún òun, mo sì kọ ọ́ báyìí: "Kristẹni ni mí. Iṣẹ́ mi ni láti ran oníṣòwò lọ́wọ́ kí ó lè ronú lórí òwò rẹ̀. Ìpàdé mẹ́fà ni, wákàtí kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá tàbí ní Faransé, bí ẹ bá ṣe fẹ́. Iye owó rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ ó sì gba rìsíìtì. N kì í ríran. Ohun tí ẹ bá sọ fún mi kò ní jáde. Ẹ lè lọ ronú sí i kí ẹ tó dá mi lóhùn. Bí iṣẹ́ mi kò bá tẹ́ yín lọ́rùn lẹ́yìn ìpàdé kejì, n óò dá ìyókù owó yín padà." Ó ní kò dùn létí, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ní Koumassi. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo rí i pé ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé gbólóhùn tí ó kẹ́yìn kúrò. A ṣì ń bá iyàn náà lọ.